Bátìrì Mẹ́rin, Iye Kan Ṣoṣo

Kò sí bátìrì mọ́tò kan ní Kàbà nígbà náà tí ọwọ́ mi kò kàn rí. Bí mo bá sọ báyìí, àwọn kan á ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Òkènè àti ọ̀nà Ìsánlú. Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò nílé ìwé, èmi fúnra mi ni mo sì fi í sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lé mi. Ohun tí àwọn tó ka ogún ọdún kò mọ̀, etí mi ń gbọ́ ọ. Bátìrì tó ń gba iná dáadáa máa ń hó jẹ́jẹ́. Èyí tó ti ń kú lọ, híhó rẹ̀ a dà bíi ti ẹni tó ń ráhùn nínú oorun. Màá tẹ́tí sí i, màá sì sọ àìsàn rẹ̀ fún ẹni tó ni ín kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tán.

Ọdún tí mo ń wí yìí, ìpínlẹ̀ Kogí ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ni. Ará Kwárà la ti ń jẹ́ látẹ̀yìnwá, Ìlọrin ni ìwé wa gbogbo ń lọ. Ọjọ́ kan ni wọ́n ní ó ti di Lọ́kọ́ja. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù bọ̀ láti Ìlọrin, bẹ́ẹ̀dì lórí ọkọ̀, adìyẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àbúrò ìyàwó mi wà lára wọn. Ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ iná nílé ìwé gíga, wọ́n sì gbà á sí ọ́fíìsì kan ní Lọ́kọ́ja. Nígbà tó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó gbé àpótí kékeré kan wá, kò ju páálí ìyẹ̀fun lọ. Wáyà méjì yọ lẹ́nu rẹ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú, ojú gíláàsì kan sì wà níwájú rẹ̀ tí nọ́ńbà pupa mẹ́ta ń tàn nínú rẹ̀.

“Kí lèyí?” ni mo bi í.

“Bùrọ̀dá, ẹ̀rọ tó ń ka iná ni. Òun ni mo ṣe tí wọ́n fi fún mi níwèé ẹ̀rí.”

Ó ṣí i fún mi. Ohun dúdú kan wà nínú rẹ̀ tó lẹ́sẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bí ọ̀kùn. Ó ní kọ̀mpútà ni. Mo rẹ́rìn-ín. Kọ̀mpútà tí mo rí ní báǹkì kan ní Ìlọrin, ọkùnrin méjì ló ń gbé e.

“Kékeré ni tèyí,” ó ní. “Ṣé ẹ rí i, iná kì í ṣe nọ́ńbà. Bí omi inú kèrègbè ló rí, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Kọ̀mpútà kò sì gbọ́ èdè kankan àfi nọ́ńbà. Ẹsẹ̀ kan wà lára rẹ̀ tó jẹ́ ẹnu fún un, ibẹ̀ ló ti ń gba iná wọlé, á wọ̀n ọ́n, á sọ ọ́ di nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ẹnu yẹn, láti òdo dé fóltì márùn-ún ló mọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un jù bẹ́ẹ̀.”

“Mo ti ń wọn fóltì nígbà tí o ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ.”

“Mo mọ̀, sà. Márùn-ún o.”

Ó fi àpótí náà sílẹ̀ fún mi nítorí pé mítà alábẹ́rẹ́ mi jóná lọ́sẹ̀ yẹn. N kò ní sọ bó ṣe jóná.

Nígbà tó lọ tán, mo gbé bátìrì mọ́tò àtijọ́ kan sórí bẹ́ǹṣì. Yàrá mẹ́fà ló máa ń wà nínú bátìrì, fóltì méjì nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló fi ń jẹ́ méjìlá. Nínú àwọn ti àtijọ́, afárá òjé tó so yàrá kan mọ́ èkejì máa ń hàn lókè, èèyàn lè wọn yàrá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí àwa oníṣẹ́ bátìrì ṣe ń mọ yàrá tó kú nìyẹn. Mo fi wáyà méjèèjì kan yàrá kìíní. Ó kọ méjìlélọ́gọ́rùn-ún. Èkejì, méjìlélọ́gọ́rùn-ún. Ẹ̀kẹta, ọgọ́ta. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀kẹta ló kú, etí mi ti sọ fún mi, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi pé ẹ̀rọ ń jẹ́rìí mi.

Fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sún mọ́ ọ̀dọ̀ mi. “Ẹ wá wo dókítà,” ó ní. “Ó ti ra ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.”

“Gbé táyà tìẹ náà wá kí n bá ọ wò ó,” ni mo wí.

Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà ṣe tàn kálẹ̀ nìyẹn tí nọ́ọ̀sì àgbà kan fi ti Mọ̀pà wá bá mi lọ́jọ́ Ajé. Obìnrin gígùn ni, kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ó kí mi, “Okun o,” mo dáhùn, ó sì jókòó. Ó ní fíríìjì kan wà ní ilé ìwòsàn òun tí wọ́n ń tọ́jú oògùn abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sí. Oòrùn ló ń fún un lágbára: pátákó wà lórí òrùlé tó ń gba oòrùn, bátìrì mẹ́rin wà nísàlẹ̀ tó ń fi iná rẹ̀ pamọ́ fún ìgbà tí oòrùn bá wọ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń kú, kò sì mọ èwo ni. Káńsù ti fún un ní tuntun, ṣùgbọ́n ẹyọ kan.

“Lóṣù tó kọjá, fíríìjì lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́ mi lọ́wọ́,” ó ní. “Mo da oògùn nù níṣojú àwọn ìyá ọmọ. Àwọn kan ti oko Ìgbàrùkù rìn wá. Lọ́jọ́bọ̀ yìí, ọkọ̀ oògùn ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja. Bí mo bá tún da èyí nù, Ògá bátìrì, àwọn obìnrin yẹn kò ní gbé ọmọ wá mọ́. Èéyi ló máa wá bá wọn nílé.”

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní ẹni tó bá ti rí mi ti rí òpin bátìrì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo wọ ọkọ̀ Ẹ̀gbẹ̀, mo sọ̀ ní Mọ̀pà. Àwọn bátìrì náà kì í ṣe irú tiwa. Wọ́n dì pa lókè, kò sí ìdérí tí mo lè ṣí kí n wo omi ásíìdì inú rẹ̀, kò sí afárá òjé tó hàn. Orí méjì péré ló yọ, orí iná tí wáyà pupa ń lọ, àti orí ilẹ̀ tó jẹ́ ti wáyà dúdú. Wọn ò sì hó. Mo tẹ́tí títí, wọ́n dákẹ́ bí òkúta. Mo tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò lára ara wọn, mo gbé àpótí jáde. Nọ́ọ̀sì dúró sẹ́yìn mi, àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́ náà dúró.

Mo rántí fóltì márùn-ún. Irọ́ kọ́, mo rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe lè dé inú yàrá kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn sì ń wò mí. Mo fi wáyà kan orí méjèèjì bátìrì kìíní fìrí, bí ẹni fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Kò yọ èéfín. Ó kọ igba ó lé márùndínlọ́gọ́ta. Mo wí nínú ara mi pé ọmọ yẹn kàn ń ṣojo nítorí àpótí rẹ̀ ni. Ó gba méjìlá, ó sì dúró gbọin. Mo kan èkejì: igba ó lé márùndínlọ́gọ́ta. Ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹrin, bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣèèṣì yí wáyà padà, pupa sórí ilẹ̀, ó kọ òdo, mo tètè yí i padà.

Orí mi dàrú. Bí yàrá kan bá jẹ́ méjìlélọ́gọ́rùn-ún, ó yẹ kí yàrá mẹ́fà jẹ́ ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá. N kò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ìṣirò. Igba ó lé márùndínlọ́gọ́ta kì í ṣe yàrá mẹ́fà, kì í ṣe mẹ́ta, méjì ààbọ̀ ni, ta ló sì rí ààbọ̀ yàrá rí? Ta ló ń purọ́, bátìrì ni tàbí àpótí? Mo kan wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Iye kan náà, kò fi ẹyọ kan yẹ̀.

“Kí ló wí?” ni nọ́ọ̀sì bi mí.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ pé n kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í tètè jáde lẹ́nu mi. Mo ní, “Wọ́n dọ́gba. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kún. Wáyà wọn ló dẹ̀, mo ti bá yín fún un le.”

“Ẹ ní wọ́n kún?”

“Wọ́n kún bámúbámú. Ẹ tọ́jú tuntun yín pamọ́.”

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí n tó ṣí ìsọ̀, nọ́ọ̀sì ti dé. Ojú rẹ̀ le. Ó ní kí ilẹ̀ tó mọ́ ni fíríìjì ti kú, yìnyín ti yọ́ sílẹ̀ ilé.

“Oògùn kò tíì sí nínú rẹ̀, mo dúpẹ́,” ó ní. “Ẹ gbọ́, n kò wá bá yín jà. Bí fíríìjì yẹn kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, màá kọ̀wé sí Lọ́kọ́ja pé kí ọkọ̀ má yà sọ́dọ̀ mi. Kó máa lọ ibòmíràn. Ó sàn kí àwọn ìyá gbọ́ pé kò dé ju kí wọ́n tún rí i kí n máa dà á nù.”

Fọkanáísà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà tó ti le tẹ́lẹ̀.

Mo ti ìsọ̀, mo wọ ọkọ̀ Lọ́kọ́ja. Ní ìlú yẹn nígbà náà, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọ́fíìsì kankan wà. Ilé tí wọ́n ní kí n lọ, pátákó oníbúrẹ́dì ṣì wà lójú rẹ̀, fáìlì sì kún ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun. Wọ́n ní kò sí níbí, ó wà lẹ́yìn ọjà. Lẹ́yìn ọjà, mẹ́gáàdì kan fi èdè Haúsá dá mi lóhùn, mo fi Yorùbá dá a lóhùn, àwa méjèèjì sì gbà pé a ti yé ara wa. Ó tọ́ka sí ọ̀nà tí mo ti wá. Oòrùn ti yẹ àtàrí kí n tó bá àna mi níbi tó jókòó sí lábẹ́ igi máńgòrò, nítorí pé wọn kò tíì fún un ní àga nínú ilé.

Mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó fọwọ́ bo ojú. “Fóltì méjìlá, Bùrọ̀dá?”

“Kò jóná.”

“Mo mọ ọwọ́ yín ni mo ṣe fi ààbò sẹ́nu rẹ̀.” Ó fa àpótí náà mọ́ra. “Ẹ jẹ́ ká ṣeré kan. Ẹ mú iye ebè iṣu kan sọ́kàn, láti òdo dé igba ó lé márùndínlọ́gọ́ta. Ìbéèrè mẹ́jọ ni màá bi yín. ‘Ó tó’ tàbí ‘kò tó’ nìkan ni kí ẹ máa dáhùn.”

Mo mú ogóje sọ́kàn.

“Ṣé ó tó méjìdínláàádóje?”

“Ó tó.”

“Ṣé ó tó igba ó dín mẹ́jọ?”

“Kò tó.”

“Ṣé ó tó ọgọ́jọ?”

“Kò tó.”

Bó ṣe ń pín in sí méjì nìyẹn, tó ń pín ìdajì náà sí méjì, bí ajá tó ń lé òkété wọ kọ̀rọ̀. Ní ìbéèrè kẹjọ ó ní, “Ogóje.” Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, ó tún mú un.

“Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe nìyẹn,” ó ní. “Ó ń bi iná ní ìbéèrè mẹ́jọ, kíákíá, kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ó yá, ẹ mú iye ebè inú oko yín gan-an.”

Ẹgbẹ̀rin ebè ni mo kọ lọ́dún yẹn, gbogbo Kàbà ló mọ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó tó méjìdínláàádóje? Mo ní ó tó, ó sì kọjá. Ó ní kí n yọ ‘ó sì kọjá’ kúrò, ẹ̀rọ kò ní etí tó lè fi gbọ́ ọ. Ó tó. Ó tó. Ó tó. Ìgbà mẹ́jọ ni mo wí bẹ́ẹ̀.

“Igba ó lé márùndínlọ́gọ́ta,” ó ní.

“O ti gé oko mi kúrú.”

“Èmi kọ́. Bí ẹ bá ní ẹgbẹ̀rin, bí aládùúgbò yín ní irínwó, ohun kan náà ni màá pè yín. Bátìrì yín tó kún àti èyí tó ti fẹ́ kú, àwọn méjèèjì ju fóltì márùn-ún lọ, ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí. Ó tó, ó tó, ni wọ́n ń wí títí.”

“Òdo tó kọ ńkọ́, nígbà tí mo yí wáyà?”

“Ìyẹn ni pé iná gba ìsàlẹ̀ òdo wá. Kò tó, kò tó, títí dópin.”

Ó yé mi díẹ̀, lẹ́yìn náà kò yé mi mọ́. Ohun tó ń dùn mí, tó sì ń dùn mí títí di òní, ni pé ohun tó gbọ́n tó yẹn, tó lè bi ìbéèrè mẹ́jọ kí n tó ṣẹ́jú, kò ní ìkẹsàn-án tí yóò fi sọ pé èyí ju agbára òun lọ. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó wò mí díẹ̀, ó ní àwọn èèyàn kan náà wà bẹ́ẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ó mú rẹsítọ̀ mẹ́rin, ohun tó ń dí iná lọ́nà, jáde nínú àpò, àwọn kékeré onílà aláràbarà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ iye kan náà. Ó sín wọn tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó ní orí kìíní bátìrì á wà ní ìpẹ̀kun kan, orí kejì á wà ní ìpẹ̀kun kejì, iná á pín ara rẹ̀ sí mẹ́rin dọ́gbadọ́gba láàrin wọn, ìpín kan péré, èyí tó wà nítòsí orí ilẹ̀, ni kí n fún àpótí. Ìdá mẹ́rin fóltì méjìlá jẹ́ mẹ́ta. Mẹ́ta wọ inú márùn-ún.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú mo wà ní Mọ̀pà. Nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo tú àwọn bátìrì, mo yọ wáyà pátákó oòrùn pẹ̀lú. Mo gbé ìlẹ̀kẹ̀ rẹsítọ̀ lé bátìrì kìíní. Ọgọ́jọ. Inú mi dùn, ó ti kúrò ní iye ọjọ́ Ajé. Èkejì: ọgọ́jọ. Ẹ̀kẹta: méjìdínlọ́gọ́jọ. Ẹ̀kẹrin: ọ̀kànlélọ́gọ́jọ, ó sì ń jó láàrin ìyẹn àti ọgọ́jọ, kò dúró.

 Wọ́n tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ̀kẹta ló fi ẹyọ méjì dín, mo sì ti na ọwọ́ sí i láti yọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ti gbé tuntun dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹyọ méjì kéré. Nọ́ńbà tó ń jó láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ṣé mo lè gbára lé ẹyọ méjì rẹ̀? Mo jókòó sórí ilẹ̀. 

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi ti jí. Ìwé kọ́ ló kọ́ mi ní èyí: bátìrì tó ti kú máa ń gbéra ga nígbà tí kò bá ru nǹkan kan. Gbé ẹrù lé e lórí kí o tó gbà á gbọ́. Gílóòbù iwájú mọ́tò kì í wọ́n nínú àpò mi. Mo so ó mọ́ bátìrì kìíní, ó tàn yòò, àpótí sì kọ mẹ́rìnléláàádọ́jọ, ó dúró síbẹ̀. Mo so ó mọ́ èkejì. Ó tàn, ó pọ́n, nọ́ńbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lójú gbogbo wa: ogóje, àádóje, márùndínlọ́gọ́fà, ó ṣì ń lọ. Ẹ̀kẹta tí mo fẹ́ yọ yẹn dúró ní mẹ́tàléláàádọ́jọ bí akọ. Ẹ̀kẹrin náà dúró.

“Èkejì ni,” ni mo wí.

“Lọ́jọ́ Ajé, ẹ ní wọ́n kún,” nọ́ọ̀sì wí.

“Mo sọ bẹ́ẹ̀, Mátírọ̀n. N kò mọ̀ ni.”

Ó gbé tuntun wọlé láti ẹnu ọ̀nà. A gbé tuntun sípò èkejì, mo so gbogbo wọn padà. Mo ní kí a má tíì dá wáyà pátákó oòrùn padà o, kí àwọn bátìrì nìkan ru fíríìjì títí ìrọ̀lẹ́, ká lè mọ̀ bóyá wọ́n á lè rù ú nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Ó gbà. A jókòó. Wákàtí kọ̀ọ̀kan, yóò ṣí fíríìjì, yóò wo ìgò ìwọ̀n òtútù inú rẹ̀, yóò tì í. Ó fún mi ní iṣu sísè pẹ̀lú epo, mo jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀, èyí tí kì í ṣe ìwà mi. Èmi náà ń wo àpótí mi. Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, bí ẹni gun òkè tí ó ń mí, kò ṣubú.

Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, omi inú àwo tó gbé sínú fíríìjì ti di yìnyín létí. Ó jáde sójú títì, ó dá ọkọ̀ ìkẹyìn tó ń lọ Lọ́kọ́ja dúró, ó kọ nǹkan sórí ìwé pélébé kan lórí ìbòrí ẹ́ńjìnnì, ó fi lé awakọ̀ lọ́wọ́.

“Kí lẹ kọ?” ni mo bi í.

“Pé kí wọ́n máa bọ̀ lọ́la.”

“Ṣé ẹ dárúkọ mi níbẹ̀?”

“Rárá,” ó ní. “Mo kàn kọ ọ́ pé fíríìjì tutù.”